Ìwé Tí Filena Buwọ́ Lù

Bí ọkùnrin bá fẹ́ ta màlúù lábúlé yẹn, á kọ́kọ́ bi aládùúgbò rẹ̀ bóyá iye tí wọ́n dá lé e dára. Ọmọ ńkọ́? Ọmọ tí ìyá fi oṣù mẹ́sàn-án rù, tó fún lọ́mú, tó jókòó tì nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, bàbá lè jí lọ́jọ́ kan kó fi í fún ẹni tó wù ú, títí ọmọ ọ̀hún á fi pé ọdún méjìdínlógún. Òfin ò ní kó bi ìyá ọmọ ní gbólóhùn kan. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà ní Albani, olú ìlú ìpínlẹ̀ wọn, ń pè ní òfin o!

Hefsiba Tọtu mọ òfin yìí lórí bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa. Ohun tó ń kọ̀wé lé lórí gan-an nìyẹn nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta. Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà, àwọn ọkùnrin sì ti wọgbó lọ gba omi igi mépù tí wọ́n ń sè di ṣúgà. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ni Lodima, ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa wọ̀ lọ sí Albani. Lọ́jọ́bọ̀, Lodima á dúró níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, á bá wọn sọ̀rọ̀ lórí òfin ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ni Hefsiba ń kọ, kò sì tíì kọ ọ́ dé ìdajì.

Lodima Kireni yìí, olùkọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, kò lọ́kọ, kò sì wá a. Láti ọjọ́ Ajé ló ti dé láti Rọṣẹsita, ìlú tó ń gbé. Òun ló ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tó ń fi ẹsẹ̀ mi ibùsùn Jotamu, ọmọ ọwọ́ Hefsiba, tó tún ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Hefsiba lọ́kọ, ó bímọ, kò ráyè kúrò nílé. Ṣùgbọ́n bó bá ti di kálàmù mú, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde. Lodima lè dúró níwájú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ń pariwo "Lọ wá ọkọ fẹ́!" kó má mì, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní kálàmù, òógùn á bò ó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹnì kan ń kọ, ẹnì kejì ń gbọ́mọ, ẹni tó gbọ́mọ náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ ròde.

"Ka ibi tó o dé fún mi," ni Lodima wí.

Hefsiba kà á: "'Ẹ̀yin ọlọ́lá, bí ọkọ obìnrin bá ń kú lọ, òfin gbà á láyè kó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé àjèjì ni kó wá tọ́ ọmọ òun, kí ìyá ọmọ sì wà níbẹ̀ tó ń wò ràn-ìn...'"

"Yọ 'ọlọ́lá' yẹn kúrò. Lọ́dún tó kọjá, mo pè wọ́n ní ọlọ́lá, ọ̀kan nínú wọn ń hanrun."

"Bí mi ò bá pè wọ́n ní ọlọ́lá, wọn ò ní jẹ́ kó o jókòó."

"Ta ló jókòó? Wọn kì í kúkú fún mi ní àga."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Tọtu, ìyá ọkọ Hefsiba, tó jókòó ti ààrò irin tó ń gé ápù gbígbẹ sínú abọ́, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin sétí. Ọ̀rọ̀ ọtí nìkan ló ń jà fún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó kọ ọtí, ìwé ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ níbẹ̀ ló wà nínú férémù lókè orí ibùsùn rẹ̀.

"Ilé tí wọ́n bá ti ń kọ̀wé láàárọ̀," ni ìyá náà wí fún ápù, "ẹ̀wà á jóná níbẹ̀ lọ́sàn-án."

"Ẹ̀wà ò jóná, Ìyá. Mò ń wò ó," Lodima dáhùn.

"Ìwọ lò ń wò ó. Ẹni tó lọ́kọ ò wò ó."

Ní ìparí tábìlì, Filena, ọmọbìnrin Hefsiba tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń da ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ náà dára ju ti olùkọ́ abúlé lọ. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, òun àti ìyá rẹ̀ jọ rìn láti ilé dé ilé. Obìnrin tí kò mọ̀wé á dárúkọ ara rẹ̀, Filena á kọ ọ́, onítọ̀hún á fa àgbélébùú kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti kọ orúkọ tó lé ní igba. Bó bá fẹ́ dúró ka ohun tó wà lókè ìwé, Hefsiba á ní, "Tètè kọ ọ́, ọmọ mi, má dúró kà á. Àwọn ilé tó kù ṣì pọ̀."

Ìgbà tí Asaheli, ọkọ Hefsiba, wọlé láti inú igbó, èéfín ló ń rùn lára rẹ̀, ẹrẹ̀ sì dé orúnkún rẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ fún un, pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó lanu.

"Filena, bó o bá ṣe tán, lọ di ẹrù rẹ. Wọ́n ń bọ̀ wá mú ọ lọ́sàn-án."

Hefsiba ò gbójú sókè. Ó rò pé igbó mépù ni. "Ẹ jẹ́ kó ràn mí lọ́wọ́ lónìí, Bàbá Filena. Ó kàn máa wọ ẹrẹ̀ ni."

"Mi ò sọ pé igbó. Ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ Bagili, títí á fi pé ọdún méjìdínlógún."

Kálàmù dúró.

"Bagili wo?"

"Bagili mélòó lo mọ̀? Bagili tó ni ilé àlejò etí odò àfọwọ́gbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wá ọmọbìnrin tí á máa fọ abọ́, tí á máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á dáṣọ fún un. Bó bá máa kúrò níbẹ̀, wọ́n á fún un ní Bíbélì àti bẹ́ẹ̀dì oníyẹ́."

"Ẹ ò bi mí."

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́ sí? Kì í ṣe ìwọ lò ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé òfin ò ní kí n bi ọ́? O kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Asaheli kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Kòkòrò ti jẹ àlìkámà rẹ̀ tán nígbà ooru tó kọjá, àgbá ìyẹ̀fun sì ti ń fi ìsàlẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò rí kòkòrò bá jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá jà.

"Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ò ní gbàlejò nínú ilé yìí," ó ní. "Tónìí á dé, tọ̀la á dé, gbogbo wọn á jẹun."

"Èmi ni wọ́n ń bá wí yẹn," Lodima sọ. "Mo gbé àpò ìyẹ̀fun wá lánàá o, Bàbá Filena."

"Ẹ ṣeun, Mísì. Ẹ sì tún ti ń pò ó nìyẹn." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀! Béèrè ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló mọ̀. Jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ níṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ò ráyè kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hefsiba wọra. Ó dìde. "Kò lè lọ. Òfin yín yẹn náà ló sọ pé ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kó tó di ìwé. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún wa níbẹ̀ nìyẹn. Filena ò sì ní buwọ́ lù ú. Àbí wàá buwọ́ lù ú, Filena?"

Asaheli nu ọwọ́ rẹ̀, ó ki í bọ àpò ẹ̀wù, ó sì tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ láàárín àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀. Orúkọ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn, Filena Tọtu, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rèǹtè-rente tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

"Filena!"

"Lọ́jọ́ Ẹtì ni, Ìyá. Bàbá ní kí n kọ orúkọ mi síbẹ̀." Ọmọ náà ti ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo rò pé ìwé wa ni."

"O ò kà á?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tètè kọ ọ́, kí n má máa dúró kà á."

Ìyá Tọtu gé ápù kan, ó gé èkejì, ó ní, "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ojú ti Hefsiba débi pé kò mọ ibi tí á gbé ọwọ́ sí. Kì í ṣe Filena nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún. Nínú rírìn láti ilé dé ilé yẹn, ìyá àgbà mélòó ló bi í pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi?" tó sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má dààmú, nǹkan dáadáa ni, ẹ sáà fọwọ́ sí i"? Orúkọ ló ń sáré kó jọ. Ó fa ìwé náà yọ, ó fẹ́ fà á ya.

"Ya á," ni Asaheli wí. "Bagili á mú òmíràn bọ̀. Mo ti ṣèlérí fún ọkùnrin náà, mi ò ní torí ìwé yín di onírọ́." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ bá ẹṣin.

"Asaheli!" Hefsiba pariwo lé e lẹ́yìn. Kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lójú ìyá ọkọ. "O ta ọmọ mi!"

Ilẹ̀kùn ti padé.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Dọkasi fi gba ẹ̀yìn wọlé. Obìnrin dúdú tó ń rán fìlà obìnrin lójú pópó kejì ni, ó sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ fọwọ́ sí ló mú wá, kí Lodima lè bá a gbé e lọ. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Lodima sọ, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Dọkasi jókòó, ó fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ó ka ìwé Asaheli láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Hefsiba ò lè mú un mọ́ra.

"Arábìnrin Dọkasi, kí lẹ ń wá níbẹ̀? Ó ti buwọ́ lù ú!"

"Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n ní òfin tuntun ti dé, òmìnira ni wọ́n bí mi sí, mi ò kì í ṣe ẹrú bíi ti ìyá mi. Òmìnira tó ní kí n sin ọ̀gá ìyá mi títí n ó fi pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Irú ìwé báyìí ni wọ́n fi dè mí. Mo mọ̀ ọ́n dunjú." Ó tẹ ìka mọ́ ibì kan. "Bagili ò tíì buwọ́ lù ú. Ibi orúkọ rẹ̀ ṣófo. Ó ń bọ̀ wá kọ ọ́ lọ́sàn-án nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe láàárín àgbá ọtí?"

"Àgbá kí ni?" ni Ìyá Tọtu bi í.

"Ẹ ò gbọ́ ni, Ìyá? Lóòótọ́, orúnkún ò jẹ́ kí ẹ jáde láti ìgbà Kérésì. Láti ọdún tuntun ni Bagili ti ń ta ọtí. Yàrá tí àwọn àlejò ti ń jẹun, ọtí ló kún ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn awakọ̀ odò méjì fọ́ ìgò mọ́ ara wọn lórí níbẹ̀."

Abọ́ ápù bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tọtu. "Ọmọ-ọmọ mi ni á máa gbé ife ọtí fún awakọ̀ odò? Filena? Olúwa ò ní gbà!"

"Olúwa ò ní gbà, ṣùgbọ́n òfin gbà," Hefsiba sọ, ó sì bú sẹ́kún.

"Ìwé ò gbọ́ ẹkún, Ìyá Filena," ni Dọkasi wí. "Ìyá mi sunkún títí, ìwé ò gbọ́. Ìwé la fi ń lé ìwé. Bí ẹlòmíràn bá mú ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ láti gba ọmọ náà, tí ọkọ yín sì gbà, ọmọ á bọ́. Ta ló lè mú un nínú wa?"

"Ẹ jẹ́ kí n mú un," ni Hefsiba wí.

"Ẹ lọ́kọ. Ọwọ́ obìnrin tó lọ́kọ kò mú ìwé. Èmi náà lọ́kọ, atukọ̀ ni, ó wà lórí omi."

"Èmi ńkọ́?" ni Ìyá Tọtu bi í. "Mi ò lọ́kọ nílé."

"Bàbá àgbà ti kú ni?"

"Ta ló mọ̀? Ó ní òun ń lọ wa góòlù ní Kalifọ́níà. Ó di ọdún kẹfà. Lẹ́tà kan péré ló kọ, ó ní kí n fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́."

Dọkasi mi orí. "Láàyè ló wà lójú òfin. Òun ló ni ọwọ́ yín."

"Ẹni tí mi ò mọ ibi tó sùn mọ́jú?"

"Òun náà ni, Ìyá."

Ìyá Tọtu wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Hefsiba ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un lójoojúmọ́, tí kò wọ̀ ọ́ létí. "Ìránù gbáà!" ni ìyá náà wí. "Ìránù gbáà nìyẹn!" Ó dìde, ó tiro wọ yàrá lọ.

Ó ku ẹnì kan. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí lẹ ń wò mí fún?" Lodima bi wọ́n, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀.

"O ò lọ́kọ," ni Hefsiba sọ.

"Gbogbo ayé ló mọ̀. Wọ́n ń pariwo ẹ̀ tẹ̀ lé mi lójú pópó." Ìgbà tó wá yé e, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Hefsiba, rárá. Bó bá jẹ́ orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ọmọ mi ló máa jẹ́ lójú wọn. Kò ní jẹ́ ọmọ rẹ. Ṣé ó yé ọ?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́ bóyá ó yé ọ," Hefsiba dáhùn. "Ṣé ìwọ á ṣe é?"

Lodima ò tíì dáhùn tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fi dé iwájú ilé.

Bagili ló wọlé, ọkùnrin oníkùn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi ẹ̀rín. Ọ̀gbẹ́ni Pẹtiboni, adájọ́ abúlé, tẹ̀ lé e, ó gun ẹṣin tirẹ̀ wá. Asaheli ló kẹ́yìn.

"Níbo lọmọ wa wà?" Bagili bèèrè.

Ìyá Tọtu ló jáde sí i láti inú yàrá. Ó ti de fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá, ó fi ìwé orin há abíyá.

"A ti múra," ó ní. "Ẹ gbé mi sórí kẹ̀kẹ́, nítorí orúnkún mi."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo wá mú, Ìyá."

"Ibi tí Filena bá ń lọ ni mò ń lọ. N ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọtí yín, n ó máa kọrin. Ẹni tó bá fẹ́ mutí á gba orí mi kọjá. Ọ̀la, Ìyá Ẹ́lísì á wá. Ọ̀tunla, ìyàwó pásítọ̀ á wá. Mọ́kàndínlógún la wà nínú ẹgbẹ́, a ó máa gbà á fún ara wa títí ọmọ yìí á fi pé ọdún méjìdínlógún."

Bagili rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìyá náà, ó dẹ́kun ẹ̀rín. "Asaheli, ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo wá mú, mi ò wá mú ìyá ìjọ."

"Ìyá, ẹ má dójú tì mí," ni Asaheli wí.

"Ojú á tì ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní gbogbo etí odò pé ọmọ Ìyá Tọtu fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà sílé ọtí, ojú á tì ọ́ dáadáa."

"Tún ilé rẹ ṣe kó o tó tún ránṣẹ́ pè mí," ni Bagili wí fún Asaheli. Ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ wá wo Asaheli. Ìyá rẹ̀ dójú tì í, Bagili fi í sílẹ̀, adájọ́ sì dúró tó ń wò ó. Ó gbá tábìlì, ìwé ẹ̀bẹ̀ fọ́n sílẹ̀. "Mo sọ pé ọmọ yìí máa kúrò lórí àwo mi lónìí, ó máa kúrò lónìí! Bí kò bá jẹ́ Bagili, ẹlòmíràn á mú un. Èmi ni baba rẹ̀!"

"Ẹ fún mi," Lodima sọ. Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Mo ń wá ọmọ tí á máa ràn mí lọ́wọ́ ní Rọṣẹsita. N ó bọ́ ọ, n ó dáṣọ fún un."

Pẹtiboni wọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ lọ́kọ, Mísì?"

"Rárá."

"Ẹ ò fẹ́ ọkọ rí?"

"Rárá o."

"Ẹ níṣẹ́, ẹ nílé?"

"Olùkọ́ ni mí. Yàrá méjì ni mo ní, èmi ni mò ń san owó rẹ̀."

"Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́," ni Pẹtiboni wí fún Asaheli.

"Èmi tí mo bí i ńkọ́?" Hefsiba bi í. "Ṣé mo lè gbà á?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọdé ló bi í ní ìbéèrè. "Ha, Ìyá Filena. Ìyàwó ilé ni yín."

Asaheli wo Lodima, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa gbà jáde láì tẹ́ nìyí, òun náà rí i. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, mi ò ní bọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi."

"Mo ti ní n ó bọ́ ọ," Lodima dáhùn.

Ọwọ́ Pẹtiboni ń gbọ̀n nítorí làkúrègbé. Ó ní kí ẹni tó mọ̀wé kọ jù kó bá òun kọ ọ́, òun á máa sọ ọ́. Ta ló mọ̀wé kọ jù? Hefsiba jókòó. Ó ti ọ̀rọ̀ Albani sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kọ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì: pé Filena Tọtu yóò máa sin Lodima Kireni, yóò máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án tàbí lóru láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda baba rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún bébà lu níbi "baba".

Filena ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún òun lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ìwé náà sókè, ó kà á sétí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé "láìgba àyè," ó dúró, ó wo ìyá rẹ̀.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ni Hefsiba wí.

Ọmọ náà kọ ọ́. Asaheli kọ tirẹ̀, Lodima kọ tirẹ̀. Ó ku ẹlẹ́rìí méjì. Pẹtiboni ní òun á ṣe ọ̀kan, Hefsiba sì na ọwọ́ sí kálàmù.

"Ẹ̀yin kọ́," ni Pẹtiboni wí. "Ìyàwó kì í ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ọkọ rẹ̀."

Ó gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Dọkasi. Dọkasi buwọ́ lù ú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn, Hefsiba ló kọ ọ́. Ẹ wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀.

Lodima ká ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí Hefsiba ò rí kọ parí. "Ìwé yìí ni n ó kọ́kọ́ kà fún wọn lọ́jọ́bọ̀," ó ní. "Kí wọ́n gbọ́ ọ kí n tó sọ ohun mìíràn. Ṣé kí n fi orúkọ bò?"

"Má fi bò. Dárúkọ gbogbo wa."

"Ọkọ rẹ náà?"

"Mo ní gbogbo wa."

Asaheli gbọ́. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀wà sí i fún òun. Ìyá Tọtu ló bu ú, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Pẹtiboni dé fìlà rẹ̀. "Mísì Kireni, láti ìsinsìnyí lọ, ibi tí ọmọ yìí bá máa sùn, ọwọ́ yín ló wà o," ó ní, ó sì jáde.

Aago mẹ́ta ti lù. Lodima de fìlà, ó gbé àpò ìwé ẹ̀bẹ̀ há ọwọ́. Hefsiba wá dúró níwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní ìwọ, ìwọ, tí wọ́n ti jọ ń jẹ nínú àwo kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Hefsiba wí, "ṣé ẹ lè gbà kí ọmọ yín sùn nílé wa lálẹ́ òní?"

"Hefsiba! Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mò ń ṣe. Kò gbọ́dọ̀ sùn níbòmíràn láìgba àyè. Mo ń gbàyè, mà. Ẹ dá mi lóhùn, bàbá rẹ̀ ń gbọ́."

Filena dúró láàárín wọn. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Lodima, kò mọ èwo ni kó dì mọ́. Ṣíbí Asaheli ò tíì dé ẹnu rẹ̀, ó wà lókè níbẹ̀.

"Ó lè sùn níbí," Lodima sọ. Ohùn rẹ̀ tí kì í mì níwájú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ti wó. "Lálẹ́ òní. Lálẹ́ ọ̀la. Títí tí n ó... Ó lè sùn níbí."

"Ẹ ṣeun, mà."

Hefsiba yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Filena," ó ní, "ẹ máa jẹun yín. Wọ́n ti yá mi lọ́mọ."

Asaheli sọ ṣíbí sílẹ̀, ó ti àwo kúrò níwájú, kò sì jẹun mọ́.